Tú U, Kí O Tún Un Dì

Ta ló so okùn yìí? Ẹ dákẹ́ ẹ̀rín ná. Mo ní ta ló so okùn tí ẹ fẹ́ sá aṣọ Iléyá sí yìí? Ìwọ? Ó dáa. Kò burú, ó le dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tú u, kí n tún un dì. Mo mọ ohun tí ẹ ń sọ lábẹ́lẹ̀. Ẹ ní, "Bàbá ti tún bẹ̀rẹ̀." Ẹ rò pé ogbó ló sọ mí di ẹni tí kì í gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Irọ́ ni. Bí mo ṣe wà nìyẹn láti ìgbà tí egungun mi ṣì le. Iṣẹ́ tí mo ṣe jẹun ló kọ́ mi, iṣẹ́ náà sì ti kú báyìí, bí ẹ̀rọ tilẹ̀ ń bú ramúramù káàkiri Surulere tí wọ́n ń pe ìyẹn náà ní igi gígé.

Agégi ni mí. Kì í ṣe agégi inú igbó o, n kò la pákó rí. Àárín ilé ni tiwa. Igi tó dàgbà sáàárín òrùlé méjì, tí wáyà iná gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, tí obìnrin kan sì ń dáná lábẹ́ rẹ̀, àwa ni wọ́n ń pè sí i. A ó gùn ún, a ó máa gé e lẹ́ka lẹ́ka, a ó fi okùn sọ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kalẹ̀ jẹ́jẹ́ títí iṣẹ́ á fi parí, eruku kò ní bọ́ sínú ọbẹ̀ ẹnikẹ́ni. Nígbà mìíràn kì í tilẹ̀ ṣe pé a fẹ́ pa igi náà. Ó ń ṣàìsàn ni, a fẹ́ wò ó sàn.

Lónìí, wọ́n á ya fọ́tò igi, wọ́n á fi ránṣẹ́ sórí fóònù ọmọ mi. "Ẹ bá wa bi Bàbá, ṣé igi yìí ti kú?" Kí ni n ó sọ? Igi inú fọ́tò kì í dún. Ẹ̀yìn àáké la fi ń bi igi léèrè ọ̀rọ̀ láyé tiwa. Wàá máa kàn án mọ́ ọn lára, kọ́, kọ́, kọ́, wàá máa rìn yí i ká, wàá sì tẹ́tí. Igi tó yè, ohùn rẹ̀ á le. Èyí tó ti jẹrà nínú á dún bí agbè òfìfo. Èyí tí mo kórìíra jù ni èyí tó dáhùn dáadáa níbi gbogbo, tó wá ṣàdédé yí ohùn padà níbì kan ṣoṣo. Ó ń fi nǹkan pamọ́ nìyẹn. Àwọn ènìyàn tí mo rí tó rí bẹ́ẹ̀ pọ̀ ju igi lọ.

Àárọ̀ la ń ṣiṣẹ́, kí afẹ́fẹ́ tó jí. A ó fi eérú pa ọrùn ọwọ́ àti ọrùn ẹsẹ̀ nítorí èèrà pupa. Bí a bá fẹ́ gé ẹ̀ka, a kì í ti òkè bẹ̀rẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ la ó kọ́kọ́ fi ayùn yà díẹ̀, ká tó bọ́ sí òkè. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, bí ẹ̀ka bá ń lọ sílẹ̀, á bó èèpo igi náà dání lọ bí ẹni ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. A kì í sì í gé ẹ̀ka mọ́ igi lára pátápátá. Ibi tí ẹ̀ka ti yọ jáde ní ọrùn kan tó wú díẹ̀, ọrùn yẹn ni igi fi ń pa ojú egbò rẹ̀ dé. Ẹ lọ wo àwọn igi tí àwọn ẹlẹ́rọ gé létí títì, wọ́n fá wọn kodoro. Òjò díẹ̀, wọ́n ti ń jẹrà. Àbí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é ni, kí wọ́n lè tún rí iṣẹ́ níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀? N kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo kàn ń fura.

Bí Iléyá bá kù sí dẹ̀dẹ̀ báyìí, ẹsẹ̀ kì í gbèrò lẹ́nu ọ̀nà wa. Ewé ni wọ́n ń wá, ewé ọdán tí àgbò wọn máa jẹ. Igbe àgbò ló ń jí gbogbo Mushin nígbà náà, kì í ṣe ariwo jẹnẹrétọ̀. Igi tí ara rẹ̀ le koko, wọ́n á ní ó ń ṣàìsàn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo ọdán wa, kò dùn mọ́ wa nínú bó ṣe ń ṣe." A ó débẹ̀, a ó bá àgbò mẹ́ta tí wọ́n so mọ́ ìdí rẹ̀, tí gbogbo wọn ń wo òkè. Lọ́dún kan, ẹ̀ka kan já mọ́ mi lọ́wọ́, ó bọ́ sórí odi, ni àgbò àwọn aládùúgbò bá já, tòun ti okùn ọrùn rẹ̀, ó sá lọ bá ewé náà. Ọ̀sán pọ́n kí wọ́n tó rí i mú. Wọ́n ní mo mọ̀ ọ́n mọ̀ ni. Àwọn náà ń fura.

Gbogbo yín lẹ ń lọ kí aláìsàn ní Ìdí-Àràbà. Àràbà dà? Kò sẹ́ni tó ń bèèrè igi tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ibẹ̀. Sìmẹ́ńtì ti bo ilẹ̀, ìdí igi ò rí omi mu mọ́, wọ́n á ní igi ló burú.

Ṣùgbọ́n okùn ni mo fẹ́ sọ.

Okùn wa, okùn ọkọ̀ ojú omi ni. Lọ́wọ́ àwọn apẹja ní Ìjọrà la ti ń rà á, a ó gbé e lé èjìká, a ó fẹsẹ̀ rìn gba Costain padà wálé. Àwa méjì la sì máa ń lọ, èmi àti Múfútáù. Múfú ni gbogbo ayé ń pè é. Ọmọ Mushin gidi ni, ilé onímàle àtijọ́ ni wọ́n ti bí i, bàbá rẹ̀ ń rán fìlà. Èmi ni ọmọ àwọn tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá. Múfú sanra, ó sì ń lo ọwọ́ òsì. Èmi tí mo fúyẹ́ ni mò ń gùn, òun ló ń di okùn mú nísàlẹ̀. Okùn á ti ìbàdí mi lọ, á gba oríta ẹ̀ka kọjá, á sọ̀ kalẹ̀ sí ìbàdí tirẹ̀. Bí mo bá yọ̀, òun ni ilẹ̀ mi.

Ọ̀gá tó kọ́ wa níṣẹ́ ní òfin kan ṣoṣo tí kì í fi ṣeré: tú u, kí o tún un dì. Kókó tí ẹlòmíràn bá dì fún ọ, ìbáà ṣe bàbá tó bí ọ, tú u lójú rẹ̀, kí o fúnra rẹ tún un dì. Kì í ṣe ìwọ̀sí. Ẹni tó bá tú kókó rẹ ń sọ fún ọ pé agégi bíi tìrẹ ni òun, òun náà ní ẹ̀mí tí òun ń tọ́jú. Ẹni tí kò bá tú u, ọ̀gá wa á ní kó sọ̀ kalẹ̀, kó máa lọ sílé. Ìfura loògùn àgbà. Gbogbo òwúrọ̀ tí Ọlọ́run dá, Múfú ń tú kókó mi, èmi ń tú tirẹ̀, a ó tún un dì, a ó wá rẹ́rìn-ín.

Ẹ má rò pé n kò fẹ́ràn rẹ̀ o. Ní ọjọ́ kan ní Surulere, onílé kan fi Ọlọ́run búra pé kò sí oyin lórí mángòrò òun. Mo gùn ún. Àáké kan báyìí, oyin tú jáde bí èéfín. Àwọn tó bá mi kò pọ̀, ọ̀dọ̀ Múfú ni ọ̀pọ̀ wọn sọ̀ kalẹ̀ lọ. Bó bá fi okùn sílẹ̀, orí ni mo máa fi gúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì. Kò fi sílẹ̀. Oyin bò ó lójú, ó ń ké "Láìláà!", ó sì ń tú okùn náà díẹ̀díẹ̀ títí àtẹ́lẹsẹ̀ mi fi kan ilẹ̀. Nígbà tó délé, ojú rẹ̀ ti wú tó bẹ́ẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ fi pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ sà, ta lẹ ń wá?" Nítorí náà, bí mo bá ń sọ èyí tó kù, ẹ má gbàgbé ọjọ́ oyin.

Opó kan wà nínú Mushin, Ìyá Rísì. Yàrá kan pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn agboolé ni ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, páànù ni òrùlé rẹ̀. Àgbálùmọ̀ ńlá kan dúró ní apá ìlà-oòrùn yàrá náà. Èso rẹ̀ ni Ìyá Rísì ń kó lọ tà fún àwọn tó ń wọ ọkọ̀ ìrìn-àjò ní Jíbówú. Ganíyù, ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ló ń gbé ilé iwájú, ó sì fẹ́ kọ́ ilé alájà sí ẹ̀yìn. Ó ti mọ búlọ́ọ̀kù jọ kalẹ̀ ní apá ìlà-oòrùn igi náà. Àwọn àgbà ẹbí jókòó lé ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ lé Ìyá Rísì níwọ̀n ìgbà tí yàrá náà bá ṣì dúró. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì dúró.

Ìyá yìí ránṣẹ́ pè mí kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, pé kí n wá gé ẹ̀ka tó nà sórí páànù òun. Mo débẹ̀. Ó ní, "Agégi, igi yìí ti ń ké o. Tí atẹ́gùn bá fẹ́ díẹ̀, á máa dún kẹ̀ẹ̀, kẹ̀ẹ̀. Kì í ké tẹ́lẹ̀."

Mo fi ẹ̀yìn àáké kàn án yíká, ó dáhùn dáadáa. Ara igi náà le. Mo wá rìn lọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ní apá tó kọjú sí ìlà-oòrùn. Yanrìn tuntun wà nílẹ̀, wọ́n sì fi páànù àtijọ́ bò ó. N kò tíì dúró dáadáa tí Ganíyù fi yọ jáde pẹ̀lú pákò lẹ́nu. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣòkàwéè la fẹ́ gbẹ́ síbẹ̀, a ti wá ní kò pọndandan mọ́. Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú níbẹ̀ yẹn."

Ta ló bi í? Mo ní, "Kò sí wàhálà." Mo ṣe bí ẹni tó fẹ́ máa lọ. Nígbà tó wọlé, mo gbé páànù náà, mo fi àdá wa yanrìn rẹ̀. Àwọn gbòǹgbò tó nípọn bí itan mi wà níbẹ̀, wọ́n ti gé gbogbo wọn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ kó yé yín. Ìjì tó ń ṣáájú òjò àkọ́rọ̀ l'Ékòó, láti ìlà-oòrùn ló ti ń wá. Gbòǹgbò tó wà ní apá ibẹ̀ ló ń fa igi padà bí okùn. Bí o bá gé e, igi náà á ṣì dúró, ewé rẹ̀ á ṣì tutù, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó dì í mú mọ́. Ìjì àkọ́kọ́, ó di orí yàrá Ìyá Rísì. Yàrá á wó, kò sì sẹ́ni tó máa dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, wọ́n á ní àmúwá Ọlọ́run ni. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ wa, kẹrosíìnì ni yóò dà sídìí igi. Agégi nìkan ló lè ro ti gbòǹgbò ẹ̀yìn. Mo wá wo ojú ibi tí àáké ti wọlé. Ó mọ́ tónítóní, gbogbo rẹ̀ ló sì dagun sí apá òdì, bí iṣẹ́ ẹni tó ń lo ọwọ́ òsì.

Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Mo bo ibẹ̀ padà. Mo sọ fún Ìyá Rísì pé kó lọ sun ọ̀dọ̀ Rísì ọmọ rẹ̀ ní Ìdí-Àràbà, kó má bi mí ní ìdí rẹ̀. Mo gba ilé Múfú lọ. Mo ní, "Iṣẹ́ wà nílé Ìyá Rísì lọ́la." Kò gbé ojú sókè. Ó ní, "Ṣé kò lè dúró kí òjò kọjá ná?" Ẹ gbọ́ o! Agégi tó ní kí òjò kọjá! Kí òjò tó dé gan-an ni ìgbà tí à ń rí oúnjẹ jẹ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwa méjì débẹ̀. Ìyá Rísì ti padà, ó ń po ẹ̀kọ gbígbóná fún wa lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Mo ju okùn sílẹ̀. Mo ní, "Múfú, ìwọ ni wàá gùn lónìí."

Ó dúró síbi géètì, kò tíì sún mọ́ igi náà rárá. "Èmi kẹ̀? Ìwọ lò ń gùn."

"Ẹ̀yìn ń dùn mí. Gùn ún."

Ó wo igi náà, ó wo mí. "Igi yìí ò ṣeé gùn."

"Kí ló ṣe é? Ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀."

"Gbòǹgbò rẹ̀ ò dúró."

Mo ní, "Múfú, ibi géètì ni o wà. Wọ́n ti fi yanrìn bo gbòǹgbò, wọ́n fi páànù lé e. Níbo lo ti rí i?"

Síbí tí Ìyá Rísì fi ń po ẹ̀kọ náà dúró. Nígbà tí Múfú la ẹnu, ilẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní Ganíyù ṣèlérí ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé tuntun náà fún ìyàwó òun. Ó ní, "Ó sọ pé Màmá máa ti kó lọ sọ́dọ̀ Rísì kí òjò tó dé. Ó ní kí n gba òun gbọ́."

"O sì gbà á gbọ́? Ìwọ, agégi?"

Ìyẹn ló dùn mí jù. Ẹni tó ń tú kókó mi láràárọ̀, tí kò gba okùn ọwọ́ mi gbọ́ rí, ló gba ẹnu Ganíyù gbọ́. Mo fẹ́ gbá a létí. Mo fẹ́ sunkún pẹ̀lú.

Ojú ọ̀run ti ń ṣú lápá ìlà-oòrùn. Ìyá Rísì ní òun ò kúrò mọ́, pé bí yàrá òun bá máa wó, kó bá òun níbẹ̀. Ó jókòó. Igi náà ní láti wálẹ̀ kí ìjì tó dé, ẹnì kan sì ní láti gùn ún láti so okùn mọ́ orí rẹ̀, kí a lè fà á mọ́ ìdí mángòrò tó wà lódìkejì odi lápá ìlà-oòrùn, kó má baà ṣubú sórí yàrá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ẹ̀wù mi. Múfú gbá ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Èmi ni mo gé e. Èmi ni n ó gùn ún."

Mo di okùn mọ́ ọn ní ìbàdí. Mo sún sẹ́yìn, mo ń retí kó tú u. Kò tú u. Ó kàn dúró, ó na ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀.

Mo ní, "Tú u, kí o tún un dì."

Ó ní, "Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá já, ó tọ́ sí mi."

Ó sì gùn ún pẹ̀lú gbogbo ara ńlá rẹ̀ yẹn. Igi ń ké kẹ̀ẹ̀, kẹ̀ẹ̀. Èmi náà fi ẹsẹ̀ rinlẹ̀, mo di okùn mú bó ṣe dì mí mú lọ́jọ́ oyin. Ó so okùn ńlá mọ́ orí igi, mo fà á le. Ó wá ń gé ẹ̀ka, à ń sọ wọ́n kalẹ̀, títí igi náà fi ku ìtì lásán. Nígbà tí ìjì dé, Múfú ti wà nílẹ̀. A fi àáké gé ìdí ìtì náà, a fi okùn fà á sí ìlà-oòrùn, ó sì wó gbì sórí búlọ́ọ̀kù Ganíyù. Gbogbo rẹ̀ rún wómúwómú. Ganíyù sáré jáde, ó la ẹnu, ó rí ojú Ìyá Rísì, ó pa ẹnu náà dé. Ìyá Rísì gbé ẹ̀kọ wá. Ó fi tèmi lé mi lọ́wọ́. Ó gbé ti Múfú sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì yí padà. Inú yàrá yẹn ló ti darúgbó, inú rẹ̀ náà ni Ọlọ́run ti wá pè é.

A ṣì jọ ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ṣùgbọ́n nǹkan ti bàjẹ́. Mo máa ń tú kókó Múfú, mo tún máa ń wò ó kí n tó tún un dì. Òun kò tú tèmi mọ́ láéláé. Bí mo bá ṣe dì í, bẹ́ẹ̀ ni yóò gbà á, bí ọmọdé tó ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ ìyàwó bàbá rẹ̀. Ẹ rò pé ìyẹn yóò dùn mọ́ mi. Kò dùn mọ́ mi rárá. Mo ti ní ẹnìkejì tí kò ka ara rẹ̀ sí ẹnìkejì mọ́. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ dé, àwọn tó ń dé akoto dé, kálukú gba ilé rẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, bí mo ṣe ti mọ́ṣáláṣí dé, mo bá a lẹ́nu ọ̀nà níbí pẹ̀lú ọ̀pá. Ẹ̀yin lẹ fún un ní àga, ẹ ò mọ ẹni tó jẹ́. Ó ti rù. Mo kọ́kọ́ rò ó pé kí ló wá wá, ta ló rán an. A jókòó, a sọ̀rọ̀ orúnkún, a sọ̀rọ̀ oyin, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, mo di iṣu díẹ̀ sínú àpò fún un, mo so ẹnu àpò náà dáadáa, mo gbé e fún un.

Múfú wo kókó náà. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ ti ògiri. Ó jókòó padà, ó fi ọwọ́ òsì rẹ̀ tú u, ó sì tún un dì, jẹ́jẹ́, lójú mi.

Ẹ bi mí ní ọjọ́ yẹn pé kí ló ń pa mí lẹ́kún, mo ní èéfín ni. Èéfín wo?

Mo ti so okùn aṣọ yín tán. Ìwọ tó kọ́kọ́ so ó, kí lò ń wò? Wá tú u.